Ọmọ-Ọ̀dọ̀ Inú Fóònù Tí Kò Gbọ́ Orúkọ Wa: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Rosettenville

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, kò sì sí olùkọ́ kan nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí tí kò tíì fi òwe náà kọ́ ọmọ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di pé ènìyàn ní láti ba orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ jẹ́ lẹ́nu ara rẹ̀ kí ẹ̀rọ kan tó lè gbọ́ ohun tí ó ń wí, ó tó àkókò kí a jókòó, kí a sì bi ara wa léèrè pé, ta ni ó ń fi ìjánu fa ta?

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni ohun tí ojú wa rí ní Rosettenville, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà. A wà nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọmọ Yorùbá ni ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, ó sì ké sí fóònù tí ó wà lórí tábìlì pé kí ó pe Gbọ́láhàn. Fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Boland fún un, èyí tí í ṣe ilẹ̀ ọgbà àjàrà nítòsí Cape Town. Ìyá tún orúkọ náà pè, ó fa ohùn gùn. Fóònù ní òun kò rí ẹnikẹ́ni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ pè é bí òyìnbó ṣe máa pè é.” Ìyá mí kanlẹ̀, ó fi imú sọ ọ́, ó ní, “Bo-la-han.” Kíá ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Ìbàdàn. Ìyá yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Bàbá wa ló sọ ọmọ yìí lórúkọ, èmi ni mo wá ń bà á jẹ́.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ ti bá ìṣòro yìí pàdé ní Èkó, ní Oṣogbo, ní Kétu tàbí ní London, ẹ sì ti kà á sí ohun tí kò tó pọ́n. Èrò tiwa yàtọ̀. Ó dá wa lójú pé a lè fi ọgbọ́n lo ẹ̀rọ yìí lónìí, àǹfààní sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń lò ó kò gbọdọ̀ di àṣà tí yóò gba èdè lẹ́nu wa. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

BÍ Ó ṢE Ń GBỌ́RỌ̀

Ọmọ-ọ̀dọ̀ inú fóònù kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe ènìyàn. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tí a tẹ bọ́tìnì rẹ̀, a jí. A gba ohùn wa, a gé e sí ègé kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì máa fi wọ́n wé ohùn àwọn ènìyàn tí a ti gbà sílẹ̀ ṣáájú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ohùn. Nígbà púpọ̀, iṣẹ́ yìí kì í parí sínú fóònù. A ń fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ní ọ̀nà jíjìn, èsì yóò sì padà wá. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bí àwa ti ń gbọ́ ọ. Àbá ni ó ń dá. Ó ń wò ó pé ìró yìí jọ ti ọ̀rọ̀ yìí ju ti ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí, kò lè dá àbá rẹ̀. Ìró “gb” tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Gbọ́láhàn kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ gbé e lọ sọ́dọ̀ “b” tí ó mọ̀, ó wá ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì bá Boland pàdé.

Ìṣòro kejì ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun wá ọkọ. Ìlù dùndún, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe igi, awọ àti ọṣán, mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì ń sọ ọ́ padà sí wa létí, nítorí pé àwọn tí wọ́n gbẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá kí wọ́n tó mú àáké. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó owó oṣù olùkọ́ lọ́nà púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé èdè wa ni ó le jù. Èdè Ṣáínà náà ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, síbẹ̀ láti ọdún 2012 ni Siri ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ̀rọ bá rí ẹni kọ́ ọ ni ó ń mọ̀.

ÈDÈ WO NI A KỌ́KỌ́ FI KỌ́ Ọ?

Ní ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé Siri jáde. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti èdè Jámánì nìkan ni ó gbọ́ nígbà náà. Amazon gbé Alexa jáde ní 2014, Google sì gbé Assistant tirẹ̀ jáde ní 2016. Nígbà tí Siri fi máa pé ọdún mẹ́wàá, àwọn èdè rẹ̀ ti tó nǹkan bí 20. Èdè àwọn ará Finland wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti àwọn ará Denmark. Gbogbo ènìyàn tí ó wà ní Finland kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ lọ, nígbà tí àwa tí ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo àti káàkiri ayé ju 40 mílíọ̀nù lọ. Síbẹ̀ Yorùbá kò sí níbẹ̀, Hausa kò sí níbẹ̀, Igbo kò sí níbẹ̀. Lójú tiwa, kì í ṣe iye orí ni wọ́n fi ń wọn èdè ní ọjà yẹn. Owó tí wọ́n rò pé ó wà lápò àwọn tí ń sọ ọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Rosettenville ni ènìyàn ti lè fi ojú rí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń sọ èdè Potogí ti ń gbé ibẹ̀, àwọn ará erékùṣù Madeira àti àwọn tí ó ti Mozambique wá. Ní àdúgbò náà ni ilé oúnjẹ adìyẹ Nando's ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kí orúkọ rẹ̀ tó kárí ayé. Oníṣọ́ọ̀bù Potogí tí ó wà ní òdìkejì ojú pópó lè bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ láìyí ohùn padà, nítorí pé èdè Potogí ti wà nínú ẹ̀rọ tipẹ́. Ọmọ Zulu náà ti rí nǹkan gbà: ní 2010 ni Google ti ṣí ọ̀nà fún àwọn ará Gúúsù Áfíríkà láti fi ohùn ẹnu wá ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wọn, ní Afrikaans àti ní Zulu. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò kan Yorùbá títí di ọdún 2024, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, nígbà tí Google fi í kún àwọn èdè Áfíríkà tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ kí fóònù sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni ó fà á? Òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1996 ka èdè 11 sí èdè ìjọba. Ní 2023 a fi èdè àwọn adití kún wọn, wọ́n sì di 12. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìwé nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba wọn tí à ń pè ní CSIR ṣe iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Lwazi, kí tẹlifóònù lè bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní èdè mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá. Lẹ́yìn náà a gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan, ju wákàtí 50 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn olùwádìí lè rí ohun fi kọ́ ẹ̀rọ. A kò wí pé iṣẹ́ wọn ti pé. A wí pé wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Abala 55 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a ó máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, a ó sì máa fi Hausa, Igbo àti Yorùbá ṣe é nígbà tí ètò tí ó yẹ bá ti wà. Ọdún ń gorí ọdún, ètò náà kò tíì dé. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé èdè ìyá ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì sì padà sórí àga rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni ìlànà náà lò láyé! Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a kò ní ẹ̀rí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ìjọba ẹni bá gbé èdè ẹni jù sílẹ̀ lójú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ẹnu wo ni a ó fi bá oníṣòwò California wí?

OHÙN ẸNU TÍ Ó DI ÌDÁNWÒ

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni a sọ di ńlá. Kí wọ́n bi àwọn ará wa tí ń gbé Johannesburg léèrè. Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Àwọn Onídàájọ́ rántí bí àwọn ará Gileadi ṣe dúró létí odò Jọ́dánì, tí wọ́n ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọjá pe Ṣiboleti, tí ikú sì jẹ́ èrè ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pè é. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni a rò pé ó jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra, ní Johannesburg, ó sì tàn káàkiri. Ìròyìn jáde nígbà náà pé àwọn jàǹdùkú ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń ní kí ó sọ orúkọ tí à ń pe ìgúnpá ní èdè Zulu. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àjèjì ni wọ́n kà á sí. Ènìyàn 62 ni ó kú nínú rúkèrúdò náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà fúnra wọn sì wà lára wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2017 ó kan Rosettenville. Àwọn ará àdúgbò dáná sun àwọn ilé kan tí wọ́n ní a ti ń ta oògùn olóró, tí a sì ti ń ṣe òwò aṣẹ́wó, wọ́n sì ka ẹ̀sùn náà sí àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́sẹ̀. A kò ní gbèjà ọ̀daràn, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá ti ń jó, ta ni yóò dúró béèrè èwo ni aránṣọ, èwo sì ni oníṣẹ́ ibi? Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ àjèjì. Ìyá aránṣọ wí fún wa pé bí fóònù òun bá dún nínú takisí, òun kì í fi Yorùbá dáhùn. Ní ìta, ó ń fi ohùn rẹ̀ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ènìyàn; nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó tún ń yí i padà nítorí ẹ̀rọ. Níbo ni ohùn náà yóò wá máa gbé?

A mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í dáná sun ilé. Ṣùgbọ́n òun náà ń fi ahọ́n ya ènìyàn sọ́tọ̀, ẹ̀rí sì wà. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ márùn-ún: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Nínú 100 ọ̀rọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun sọ, ẹ̀rọ ṣi nǹkan bí 19 gbọ́. Nínú 100 tí àwọn aláwọ̀ dúdú sọ, ó ṣi nǹkan bí 35 gbọ́. Ẹ sì kíyè sí i pé ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílé, kí ni a ó retí fún ẹni tí ó ti Ìbàdàn wá?

ÌTÀN ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KAN NÍ ROSETTENVILLE

Ìtàn kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá, nítorí pé ilẹ̀ Rosettenville yìí kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn olùkọ́ ni ó sì kàn jù lọ. Níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ St Peter's wà, èyí tí àwọn àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ń darí fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Oliver Tambo kàwé níbẹ̀, ó sì padà wá kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ezekiel Mphahlele tí ó di òǹkọ̀wé ńlá kàwé níbẹ̀. Hugh Masekela náà kàwé níbẹ̀, ọwọ́ Àlùfáà Trevor Huddleston ni ó sì ti gba fèrè tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní 1953, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn adúláwọ̀. Lára ètò náà ni pé èdè ìyá ni kí a fi kọ́ ọmọ dúdú ní gbogbo ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ èdè kọ́ ni ó bí òfin náà. Wọ́n fẹ́ kí èdè ìyá di ọgbà tí ọmọ dúdú kò ní lè jáde kúrò nínú rẹ̀, kí ó lè máa ṣe lébìrà fún wọn títí ayé. Àwọn tí ń darí St Peter's yàn láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1956 dípò kí wọ́n fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mphahlele, tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nítorí pé ó tako ètò náà, wá sí Nàìjíríà ní 1957. Ó kọ́ni ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961. Nígbà tí ó sì di 1976, ìjọba kan náà tí ó ń fi ẹnu yin èdè ìyá fi tipátipá gbé Afrikaans lé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Soweto lórí, ìbọn sì dún ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe èdè tí a fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nìkan ni kí a máa wò. Kí a máa wo ọwọ́ ẹni tí ó mú un dání pẹ̀lú. Kò tó kí ẹ̀rọ kan gbọ́ Yorùbá lọ́la. Bí ohùn wa bá di ohun ìní oníṣòwò kan ṣoṣo, tí ó lè tà á bí ó ti wù ú, tí ó sì lè pa á tì ní ọjọ́ tí èrè rẹ̀ bá dínkù, a kò tíì dé ibi tí a ń lọ. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni ó wà níwájú wa: kí a fi ọgbọ́n lo ohun tí ó wà, kí a sì ṣe ohun tí kò tíì sí.

ỌGBỌ́N TÍ A LÈ FI LÒ Ó LÓNÌÍ

Èkíní, ẹ wo ibi tí a ti ń yan èdè nínú fóònù yín. Ọ̀pọ̀ fóònù ni a rà tí ó ń retí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà lẹ́nu ẹni. Bí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tàbí ti Gúúsù Áfíríkà bá wà nínú àkójọ rẹ̀, òun ni kí ẹ yàn. Àṣìgbọ́ kò ní tán, ṣùgbọ́n yóò dínkù.

Èkejì, ẹ má ṣe da ọmọ-ọ̀dọ̀ méjì pọ̀. Ọ̀kan ni ẹni tí à ń rán níṣẹ́, pé kí ó pe ènìyàn tàbí kí ó jí wa ní aago márùn-ún. Èkejì ni akọ̀wé, tí ń kọ ohun tí a bá fi ẹnu sọ sílẹ̀, tí ó wà lára àtẹ ìtẹ̀wé fóònù. Akọ̀wé ti Google ni ó ti ń gba Yorùbá láti 2024. Ẹni tí ìránṣẹ́ kò gbọ́ tirẹ̀ lè fi akọ̀wé kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Yorùbá.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ má ṣe ba orúkọ jẹ́ nínú ìwé orúkọ tí ó wà nínú fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù ní àyè ọ̀tọ̀ tí a lè kọ bí a ti ń pe orúkọ sí, tàbí àyè fún orúkọ ìnagijẹ. Kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, a bá a kọ Gbọ́láhàn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sí àyè orúkọ gan-an, a sì fi “brother” sí àyè ìnagijẹ. Nísinsìnyí, bí ó bá wí fún fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó pe àbúrò òun, fóònù ń pè é. Orúkọ tí bàbá wọn sọ ọmọ náà sì wà níbi tí ó wà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ gbólóhùn kúkúrú, kí iṣẹ́ tí ẹ rán an sì ṣáájú. Ẹ má pariwo, nítorí pé ariwo ń ba ohùn jẹ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ yàgò fún ìró takisí àti ti jẹnẹrétọ̀, ẹ sì wò ó bóyá ìdọ̀tí tàbí àpò fóònù ni ó dí ihò tí ohùn ń gbà wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ka ohun tí ó kọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá iye owó, nọ́ńbà báńkì, orúkọ oògùn àti iye ìgbà tí a ó lò ó. Bí Yorùbá bá ni, ẹ wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀, kí ọkọ́ má baà di ọkọ̀ lójú ẹni tí yóò kà á.

Ẹ̀kẹfà, ẹ rántí pé ìránṣẹ́ tí ń tẹ́tí sí wa lè gbọ́ ohun tí a kò rán an. Ní 2019 a gbọ́ pé àwọn ènìyàn kan tí Apple háyà ń tẹ́tí sí díẹ̀ nínú ohùn tí Siri gbà sílẹ̀, títí kan èyí tí ó gbà láìjẹ́ pé a pè é; ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní ọdún náà, ní 2025 ó sì gbà láti san 95 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn pè é lórí ọ̀rọ̀ Siri. Ẹ má ṣe fi ẹnu sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa dá ènìyàn lóhùn nígbà tí fóònù bá wà ní títì.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ọgbọ́n wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tí ń gbé ilé onílé ni wọ́n. Iṣẹ́ gidi ni láti fún ẹ̀rọ ní ohùn wa, kí ó sì jẹ́ ní ọ̀nà tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rọ àjèjì yóò dé bá wa láìgbọ́ èdè wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. A wá àmì sí abẹ́ lẹ́tà kí lẹ́tà lè sọ tiwa. A kò pa ìró wa run kí ó lè bá lẹ́tà mu.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà lónìí. Nígbà tí Google fi ohùn Nàìjíríà sínú ẹ̀rọ rẹ̀ ní 2019, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè tí í ṣe ọmọ Yorùbá, wà nínú iṣẹ́ náà. Láti 2019 náà ni àwọn olùwádìí káàkiri Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ Masakhane, ọ̀rọ̀ Zulu tí ó túmọ̀ sí pé kí a jọ kọ́ ọ. Àjọ Mozilla sì ti ṣí ilé ìṣúra ohùn kan láti 2017 tí à ń pè ní Common Voice, níbi tí ẹnikẹ́ni lè ti ka gbólóhùn sínú ẹ̀rọ ní èdè rẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀. Ohùn tí a bá fi síbẹ̀ kì í ṣe ti oníṣòwò kan. Ẹnikẹ́ni ní Èkó tàbí ní Kútọnu lè mú un fi ṣe iṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a ń bá wí jù lọ. Fóònù kan, yàrá kan tí ó dákẹ́ àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni ó gbà. Àwọn àgbà ọmọ kíláàsì, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn òbí wọn, lè máa kà, kí ẹlòmíràn sì máa tẹ́tí sí i bóyá ó tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ohùn Èkìtì wà níbẹ̀, kí ti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, kí ti Oǹdó, ti Ẹ̀gbá àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà tún rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni à ń gbà sọ Yorùbá. Ẹ kọ́ wọn láti máa kọ orúkọ wọn pẹ̀lú àmì, nítorí pé ẹni tí kò fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ kò lè bá ẹ̀rọ jà pé kò pe òun dáadáa. Ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ Yorùbá gbogbo, ẹ fi owó sí i, bí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti fi owó sí tiwọn. Ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin pé ohùn tí a bá fi owó ìlú gbà sílẹ̀, ti ìlú ni yóò máa jẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni kan kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní èdè, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kíláàsì lè ṣe é láàárín ọdún kan. Nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán, ìyá aránṣọ ní Rosettenville yóò lè jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó pe àbúrò rẹ̀ bí bàbá wọn ti ń pè é, kí Ìbàdàn sì dá a lóhùn.